Níbo Ni Wọ́n Ti Ń Dáná?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Los Angeles fi àwòrán mẹ́tàlá ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ti wa mọ́tò fún ohun tó ju wákàtí mẹ́ta lọ sí apá àríwá, sí ibì kan tí wọ́n ń pè ní Manzanar, ní àfonífojì gbígbẹ kan tó wà láàárín òkè méjì ní California. Ilé onípákó gígùn kan wà nínú àwòrán náà, ilé ìṣọ́ kan tó ga bí igi ọ̀pẹ wà níbẹ̀, ọwọ̀n funfun kan tí wọ́n kọ èdè Japan sí lára dúró ní itẹ́ òkú, òkè tí yìnyín bo orí rẹ̀ sì wà lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo wà nígbà náà, ní Òkè-Àró, níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Ìyá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún wọn ta iyán ní tòsí Ọjà Ọba, débi pé àwọn kan tó ti di bàbá àgbà lónìí ṣì máa ń kí wọn ní "Ìyá Oníyán" lójú títì. Mo gbé fóònù sún mọ́ ojú wọn, mo sì ṣàlàyé pé inú irú ilé onípákó yìí ni ìjọba Amẹ́ríkà kó àwọn ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti Japan sí nígbà ogun Hitler, bàbá, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà, tí wọ́n sì fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí wọn ká. Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Níbo ni wọ́n ti ń dáná?"

Mo ní, "Wọn kì í dáná, Màámi. Gbọ̀ngàn ńlá kan ni gbogbo àdúgbò ti ń jẹun. Wọ́n á tò bí ọmọ ilé ìwé."

"Gbogbo ìgbà?"

"Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún bí ọdún mẹ́ta."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n ní, "A jẹ́ pé wọn ò ní ilé nìyẹn. Yàrá ni wọ́n fún wọn."

Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ẹ̀kọ́ ìtàn, mo sì mọ ọjọ́ àti orúkọ tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ṣùgbọ́n n kò bi ara mi ní ìbéèrè ìyá mi rí. Láti ọjọ́ náà, òun ni mo ń gbé lọ́wọ́ bí àtùpà nígbà tí mo bá ń ka ohunkóhun nípa àwọn àgọ́ wọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà ju oko àti ilé ìtajà lọ. Ààrò ni wọ́n gbà, orí ààrò náà sì ni ipò tí bàbá, ìyá àti ọmọ mọ ara wọn sí dúró lé.

Orúkọ Japan kì í ṣe àjèjì nínú ilé wa. Bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Bọ́mà láti bá àwọn ọmọ ogun Japan jà, wọ́n sì padà sí Àkúrẹ́ ní 1946 pẹ̀lú bàtà sójà kan àti ìdákẹ́jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò lè là kọjá. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, orúkọ ọ̀tá ni Japan jẹ́ fún wa. Bóyá ìdí nìyí tó fi pẹ́ kí n tó yà á sọ́tọ̀ nínú ọkàn mi pé ẹni tó gbé ìbọn dojú kọ Bàbá nínú igbó Bọ́mà yàtọ̀ sí ẹni tó ń gbin ẹ̀fọ́ ní California tàbí tó ń fọ aṣọ fún ará ìlú ní Seattle, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn jọra. Ìjọba Amẹ́ríkà kò yà á sọ́tọ̀ rárá.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1941 ni àwọn ọkọ̀ òfuurufú Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní Hawaii. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ FBI ti ń kan ilẹ̀kùn kiri. Àwọn àgbà àdúgbò ni wọ́n kọ́kọ́ mú: àlùfáà ẹ̀sìn Búdà, olùkọ́ èdè Japan, oníwèé ìròyìn, apẹja, olórí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò. Wọ́n kó wọn lọ sí ọ̀nà jíjìn, sí ibi bíi Fort Missoula ní Montana àti Santa Fe ní New Mexico, wọ́n sì ti owó àwọn Issei ní báǹkì pa. Issei ni wọ́n ń pe ìran àkọ́kọ́, àwọn tí a bí ní Japan kí wọ́n tó rìnrìn àjò wá. Ìyàwó wà nílé tí kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, kò rí owó gbà, àwọn ọmọ sì ń béèrè. Bàbá ti kúrò nídìí oúnjẹ kí ọ̀rọ̀ àgọ́ tó délẹ̀ rárá.

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì 1942, Ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí àṣẹ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 9066, èyí tó fún àwọn ọ̀gá ológun lágbára láti lé ẹnikẹ́ni kúrò ní agbègbè tí wọ́n bá yàn. Àṣẹ náà kò dárúkọ Japan níbì kankan, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó ń bá wí. Ọ̀gágun John DeWitt, tó ń ṣàkóso ààbò etíkun ìwọ̀ oòrùn, ló lò ó láti kó nǹkan bí 120,000 ènìyàn kúrò nínú ilé wọn. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ni a bí sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí a bí sí Àkúrẹ́ ṣe jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Àwọn Issei tó bí wọn kò lè gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́, nítorí òfin kò gbà á fún ẹni tí a bí ní Japan títí di 1952. Ní California, òfin kò gbà kí wọ́n ra ilẹ̀ oko pàápàá, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi kọ orúkọ ọmọ kékeré sórí ìwé ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní 1980 láti wádìí ọ̀rọ̀ náà kò rí àkọsílẹ̀ kankan pé ẹnì kan nínú wọn ṣe amí tàbí ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀tá ní etíkun náà.

Wọ́n máa ń lẹ ìwé àṣẹ mọ́ òpó iná àti ògiri, ìdílé a sì ní bí ọ̀sẹ̀ kan láti palẹ̀ mọ́. Àwọn apẹja Terminal Island, ní tòsí Los Angeles, kò rí ju wákàtí 48 lọ. Ohun tí ọwọ́ bá lè gbé nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ mú. Àwọn tó ń ra nǹkan ní ẹ̀dínwó rọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn, wọ́n ń fi owó táṣẹ́rẹ́ gba fíríìjì, dùùrù àti mọ́tò, ajá àti ológbò sì di ti aládùúgbò tó bá gbà wọ́n. Ìwé àṣẹ náà to ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dání lẹ́sẹẹsẹ: aṣọ ìbora, aṣọ wíwọ̀, ohun ìwẹ̀, àti àwo, abọ́, ife, ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí tó máa tó ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ìdílé. Kò dárúkọ ìkòkò. Nígbà tí mo ka èyí fún ìyá mi, wọ́n ní kí n tún un kà.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà kan, wọ́n sì so ó mọ́ ẹrù àti mọ́ aṣọ ọrùn tọmọdé tàgbà. Bí àwọn àgọ́ kò ṣe tíì parí, ọ̀pọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kó lọ sí pápá tí ẹṣin ti ń díje, bíi Santa Anita àti Tanforan ní California. Inú ilé ẹṣin gan-an ni wọ́n fi àwọn kan sí. Wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kun ògiri rẹ̀, ṣùgbọ́n òórùn ìgbẹ́ ẹṣin kò kúrò nínú pákó, oòrùn a sì jẹ́ kó jí padà ní ọ̀sán.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn sí àgọ́ mẹ́wàá: Manzanar àti Tule Lake ní California, Poston àti Gila River ní Arizona, Topaz ní Utah, Minidoka ní Idaho, Heart Mountain ní Wyoming, Granada ní Colorado, Rohwer àti Jerome ní Arkansas. Aṣálẹ̀ tàbí irà ni púpọ̀ nínú ibẹ̀. Pákó ni bárékè wọn, tí wọ́n fi bébà oníọ̀dà dúdú bò lára, iyanrìn a sì máa gba àárín pákó wọlé débi pé ẹni tó bá jí láàárọ̀ á rí àmì orí ara rẹ̀ lórí ìrọ̀rí. Yàrá kan ni ìdílé kan ń gbà, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 20 sí 25. Gílóòbù kan, sítóòfù kan tó ń mú yàrá gbóná, àti bẹ́ẹ̀dì sójà: kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ògiri tó pín yàrá kan sí èkejì kò kan òrùlé ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí náà, bí tọkọtaya kan bá ń jà, tàbí tí wọ́n bá ń sunkún, gbogbo bárékè ló ń gbọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí yàrá yìí, nítorí ó rọrùn fún ẹni tó dàgbà ní ìlú wa láti sọ pé ìyẹn kò burú. Èmi náà dàgbà nínú yàrá kan, ní Ìjọ̀kà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tí ilẹ̀kùn wọn kọjú síra. Ẹni mẹ́fà ni wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí alẹ́ bá ń lẹ́, ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan á gbé sítóòfù rẹ̀ síta sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì lè fi imú nìkan mọ ẹni tó ń se ẹ̀gúsí, ẹni tó ń dín ata, àti ẹni tí owó oúnjẹ rẹ̀ kò pé lọ́jọ́ náà. Bí ìyá mi bá pè wá, a ó fi eré sílẹ̀, a ó wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Fún ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń jẹun, yàrá yẹn di ilé tirẹ̀, ó ní olórí, ó ní òfin. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ọmọ kì í nawọ́ sí ẹran kí àgbà tó bu tirẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti ń béèrè ohun tí a kọ́ ní ilé ìwé. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, nítorí ẹni tí kò bá lè parí òkèlè rẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Kì í ṣe kíkéré yàrá ni mo ń sọ.

Nínú àgọ́, bárékè bíi 12 tàbí 14 ni wọ́n kó jọ sí àdúgbò kan, tí ènìyàn tó tó 250 sí 300 ń gbé nínú rẹ̀. Ilé ìjẹun kan ni gbogbo wọn ní, ilé ìfọṣọ kan, àti ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀. Bí oúnjẹ bá jinná, wọ́n á lu irin, gbogbo ènìyàn á sì tò síta nínú oòrùn tàbí nínú yìnyín pẹ̀lú àwo lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìdílé ń sapá láti jókòó pọ̀. Ṣùgbọ́n tábìlì gígùn ni, ariwo pọ̀, ẹlòmíràn sì ń dúró kí ó jókòó sí àyè rẹ. Ìyá àgbà kò lè rìn yára. Ìyá tó ní ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ wá ibi tí òun yóò ti rọra fún un lóúnjẹ. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ fi rí i pé ó dùn láti bá ẹgbẹ́ wọn jẹun, àwọn kan sì ń sáré láti àdúgbò kan sí èkejì láti wá ibi tí alásè ti mọ oúnjẹ í sè jù. Bàbá jókòó ti àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, ìdílé tó ti ń jẹun pọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣègbéyàwó kò jẹun pọ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ní ilé àwọn ará Japan, bíi ti wa, oúnjẹ ní ètò. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan wà, itadakimasu, tí wọ́n máa ń sọ kí wọ́n tó gbé nǹkan sẹ́nu, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà nídìí oúnjẹ. Ta ni yóò kọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ní èyí nínú gbọ̀ngàn tí ọgọ́rùn-ún méjì ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ àjèjì ní oṣù àkọ́kọ́. Wọ́n máa ń da èso inú agolo tó kún fún omi ṣúgà lé orí ìrẹsì, ohun tí ará Japan kì í ṣe, tó sì jọ pé kí ẹnì kan da ṣúgà sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún wa. Ẹran àgùntàn tó ń rùn wà, àrùn inú rírun sì mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn tí àwọn alásè láàárín wọn gba iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáko, tí wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ, tí wọ́n ń ṣe tofu àti ọbẹ̀ ẹ̀wà sóyà fúnra wọn, oúnjẹ dára sí i. Ìtò náà kò yí padà.

Bí ọwọ́ bàbá ṣe kúrò nídìí oúnjẹ ló ṣe kúrò lórí àwọn nǹkan mìíràn. Ọkùnrin tó ti ro oko tirẹ̀ fún ogún ọdún wá ń gba dọ́là 12 tàbí 16 lóṣù, dókítà iṣẹ́ abẹ pàápàá ń gba 19, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tẹ ìwé ní ọ́fíìsì sì lè gba iye kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ìjọba ló ń bọ́ ọmọ, ìjọba ló ń fún wọn ní owó aṣọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọ̀gá àgọ́ ń sọ, nítorí náà àwọn ọmọ ni wọ́n ń bá dúnàádúrà, ní ìbẹ̀rẹ̀ wọn kò sì jẹ́ kí Issei di ipò kankan mú nínú ìgbìmọ̀ àwọn ará àgọ́. Àwọn bàbá tí FBI ti mú bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti ọgbà wọn lẹ́yìn oṣù mélòó kan tàbí ọdún kan, wọ́n sì bá ìdílé tó ti kọ́ láti gbé láìsí wọn.

Nǹkan kan wà tí n kò retí, tí òtítọ́ kò sì ní jẹ́ kí n fi pamọ́. Fún àwọn ìyá kan, àgọ́ ni ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n ti sinmi láyé wọn. Obìnrin tó ti ń jí láago mẹ́rin láti dáná, tó ń bá ọkọ rẹ̀ ro oko, tó tún ń padà wá fọ aṣọ ẹni méje, wá rí àyè láti kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, láti kọ́ aṣọ rírán, láti kọ́ bí a ṣe ń to òdòdó sínú àwo. Mo rò pé inú ìyá mi yóò dùn sí èyí, nítorí mo mọ bí ọmọ odó ṣe ba èjìká wọn jẹ́. Inú wọn kò dùn. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tó gbé iṣẹ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà. Èmi ṣì gbà pé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n ní àwọn sinmi, àwa méjèèjì kò sì tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.

Ní ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, n ó sọ ọ́ ní ráńpẹ́. Kò sí ohun tó pín ìjókòó kan sí èkejì nígbà tí wọ́n dé. Àwọn obìnrin á gbé páálí dání láti fi bo ara wọn, àwọn mìíràn á dúró di ààjìn kí wọ́n tó lọ, iná láti ilé ìṣọ́ a sì máa tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n tún kó àwọn ọmọ tí kò ní òbí. Ní Manzanar, wọ́n kọ́ ilé mẹ́ta fún wọn, tí wọ́n pè ní Abúlé Àwọn Ọmọdé, ọmọ 101 ló sì gbé ibẹ̀ kí wọ́n tó tì í. Wọ́n gba àwọn kan nínú ilé àwọn aláwọ̀ funfun tó ti gbà wọ́n tọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Japan wà lára wọn. Nǹkan bí 6,000 ọmọ ni a tún bí sínú àwọn àgọ́ náà. Norman Mineta, tó di mínísítà ètò ìrìnnà ní Amẹ́ríkà nígbà tó yá, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n kó ìdílé rẹ̀ láti San Jose, tí wọ́n sì dé Heart Mountain níkẹyìn. Ó gbé igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù baseball dání lọ sí ọkọ̀ ojú irin. Àwọn sójà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ohun ìjà ni.

Ohun tó ya àwọn ìdílé sí méjì jù lọ dé ní oṣù Kejì 1943. Ìjọba fún gbogbo ẹni tó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún ní fọ́ọ̀mù ìbéèrè. Ìbéèrè 27 ní ṣé o ṣe tán láti jagun fún Amẹ́ríkà níbikíbi tí wọ́n bá rán ọ. Ìbéèrè 28 ní ṣé o máa búra láti jẹ́ olóòótọ́ sí Amẹ́ríkà, kí o sì kọ ọba Japan sílẹ̀. Fún ọmọ tí a bí ní California, tí kò mọ ọba Japan rí, ìbéèrè náà jẹ́ ìdẹkùn: ẹni tí kò bá dì í mú rí, báwo ni yóò ṣe fi í sílẹ̀? Fún òbí rẹ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bí ó bá kọ Japan, tí Amẹ́ríkà kò sì gbà á, kò ní ilẹ̀ kankan mọ́. Wọ́n tún ìbéèrè yẹn kọ fún àwọn Issei lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti di ariwo. Ṣùgbọ́n lálẹ́, lẹ́yìn ògiri pákó, bàbá ń sọ fún ọmọ pé kí ó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ kí wọ́n má bàa pín wọn níyà, ọmọ ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni ni òun yóò kọ nítorí ọmọ Amẹ́ríkà ni òun, ìyá sì jókòó láàárín. Àwọn tó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n kó lọ sí Tule Lake, tí iye ènìyàn inú rẹ̀ wá ju 18,000 lọ. Àwọn ọmọkùnrin kan tó kọ bẹ́ẹ̀ ni wọ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 442, ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣẹ̀ wá láti Japan, àwọn tó lọ gba àwọn sójà Texas tí ọ̀tá ká mọ́ inú igbó òkè Vosges ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹwàá 1944. Ìwé pé ọmọ ti kú lójú ogun ń dé ọ̀dọ̀ ìyá tí sójà orílẹ̀-èdè kan náà ń ṣọ́ pẹ̀lú ìbọn. Nígbà tí mo ka èyí, Bàbá àgbà ló wá sí mi lọ́kàn, tí wọ́n lọ jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì láti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso lé lórí.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 1944, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá Fred Korematsu lẹ́bi nítorí pé ó kọ̀ láti kúrò ní agbègbè ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n sọ nínú ẹjọ́ Mitsuye Endo pé ìjọba kò lè máa ti ọmọ orílẹ̀-èdè tí kò ní ẹ̀bi mọ́lé. Láti 1945 ni wọ́n ti ń padà, pẹ̀lú dọ́là 25 àti tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin. Tule Lake ló tì kẹ́yìn, ní oṣù Kẹta 1946. Ọ̀pọ̀ kò bá oko wọn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dákẹ́. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè wọn, gaman, tó túmọ̀ sí kí ènìyàn fara dà á láìráhùn, òun ni wọ́n sì fi tọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ń gbọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ ń sọ pé "ìgbà tí a wà ní àgọ́", ó sì ń rò pé àgọ́ ìsinmi àwọn ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń sọ. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá àgbà sọ fún wa nípa Bọ́mà ni pé òjò ibẹ̀ kì í dá. Bí a bá béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní kí a lọ wo bóyá adìẹ ti wọlé. Ní 1988, ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Ronald Reagan fọwọ́ sí òfin tó tọrọ àforíjì, tó sì fún ẹni kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láàyè ní dọ́là 20,000. Nǹkan bí 82,000 ènìyàn ló gbà á. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní oṣù Kẹwàá 1990, pásítọ̀ àgbàlagbà kan tó jẹ́ ẹni ọdún 107 wà lára àwọn àkọ́kọ́. Mo ń ronú nípa ọmọ ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún àti méje yẹn, ìgbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn náà láti ẹnu bàbá rẹ̀, àti bóyá ìdí oúnjẹ ni wọ́n jókòó sí.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo sì mú ìdáhùn díẹ̀ lọ fún wọn. Mo sọ fún wọn pé àwọn ìdílé kan kò gbà. Wọ́n ń gbé oúnjẹ láti ilé ìjẹun wá sí yàrá kí wọ́n lè jẹ ẹ́ pọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn tiwọn, àwọn kan sì ń rọra gbé nǹkan ka orí sítóòfù tí ìjọba fún wọn láti fi yáná. Mo sọ fún wọn nípa ọgbà òkúta àti adágún omi kéékèèké tí wọ́n fi ọwọ́ wọn gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìjẹun ní Manzanar, kí ẹni tó tò lè rí ohun tó dára wò nígbà tó bá ń dúró. Lẹ́yìn náà ni mo fi àwòrán kan hàn wọ́n, tí wọ́n yà nínú ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà nígbà ọdún tuntun. Àwọn ọkùnrin dúró yí odó kan ká. Mochi ni wọ́n ń gún, ìrẹsì tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ń gún títí yóò fi lẹ̀ mọ́ra, nítorí kò sí ọdún tuntun fún wọn láìsí i. Igi tí wọ́n fi ń gún un dà bí òòlù ńlá, ẹni méjì ń gún un ní àgúngbà, ẹnì kẹta sì tẹ̀ ba, ó ki ọwọ́ tútù bọ inú odó láti yí i padà kí igi tó tún sọ̀kalẹ̀.

Ìyá mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n wọ jígí wọn. Wọ́n wo ọwọ́ ẹnì kẹta náà pẹ́.

Wọ́n ní, "Èyí tó ń yí i yìí ló mọ iṣẹ́." Wọ́n ní kí n tún orúkọ rẹ̀ pè, mo pè é, wọ́n pè é tẹ̀ lé mi, "móṣì", lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì bèèrè bóyá wọ́n gbé e lọ sí ilé ìjẹun tàbí wọ́n pín in lọ sí yàrá kálukú.

Mo ní wọ́n pín in.